Outreach fáwọn tó ń sùn síta n'Ìbàdàn: kí ló jẹ́ gan-an, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é?

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sùn sábẹ́ bíríìjì bá ti délẹ̀ n'Ìbàdàn, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan á ní kíjọba kó gbogbo wọn kúrò nílùú, ẹlòmíì á ní àwa tá à ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn ni ò jẹ́ kí wọ́n lọ, ẹlòmíì tún á béèrè pé kí ni wọ́n tiẹ̀ ń pè ní outreach, ṣé kéèyàn gbé ìrẹsì dání, kó ya fídíò, kó padà sílé ni. Mo wà lára àwọn tó máa ń jáde lọ bá wọn ládùúgbò wa, a ò lórúkọ, a ò ní ọ́fíìsì, a kàn ń dáwó jọ ni, mo sì ti rí i pé àtẹni tó ń bú wa àtẹni tó ń gbàdúrà fún wa, ọ̀pọ̀ wọn ni ò mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ta là ń pè ní aláìnílé?

Aláìnílé ni ẹni tí ò ní ibì kankan tó lè sùn lálẹ́ tọ́kàn ẹ̀ á balẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní lé òun dìde. Kì í ṣe gbogbo alágbe ló jẹ́ aláìnílé o, àwọn alágbe wà tó jẹ́ pé tílẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á wọ mọ́tò lọ sílé wọn. Kì í sì í ṣe gbogbo aláìnílé ló ń tọrọ. Àwọn alábàárù tó ń ru ẹrù lọ́jà Bódìjà, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, orí pákó iwájú ṣọ́ọ̀bù olóṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń sùn. Ọmọkùnrin tó ń gba owó mọ́tò ní gáréèjì Ìwó Road, tó jẹ́ pé inú mọ́tò yẹn náà ló ń sùn tó sì ń jí, aláìnílé lòun náà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò lè mọ̀ tẹ́ ẹ bá rí i lọ́sàn-án.

Àwọn tójú wa máa ń kọ́kọ́ rí ni àwọn tí ọpọlọ wọn ò jí pépé, torí ìrísí wọn. Àwọn ìdílé tó wá láti òkè Ọya wà, tí wọ́n ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì nítòsí Sábó tàwọn tọmọ. Àwọn ọmọ tó sá nílé torí ìyà wà. Àwọn ìyá àgbà wà tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn tí wọ́n sì lé jáde, mo mọ̀ pé ó ń dun èèyàn láti gbọ́, àmọ́ ó wà. Àwọn tí omi gba ilé wọn náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ò ní gbàgbé omíyalé ọjọ́ 26 oṣù August 2011 n'Ìbàdàn yìí, tó pa èèyàn tó lé ní 100, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó yè é ò rí ilé padà sí. Ẹni tó ń gbé yàrá tí wọ́n háyà fún un, tí ilé wó lulẹ̀ tàwọn tẹrù, tí ò sì ní ẹbí nílùú, títì ò jìnnà sí i mọ́.

Ìdí tí mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí ni pé ohun tó máa yanjú ọ̀rọ̀ alábàárù ò lè yanjú ọ̀rọ̀ ìyá tí wọ́n lé nílé. Ẹni tó bá ń sọ pé "kí wọ́n kó gbogbo wọn" ò tíì mọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wọn.

Kí wá ni outreach?

Outreach ni kéèyàn dìde lọ bá àwọn èèyàn yìí níbi tí wọ́n wà, dípò kó jókòó sí ọ́fíìsì kó máa retí pé kí wọ́n wá bá òun. Ẹni tí ò ní bàtà, tí ara ẹ̀ ń rùn, tí gáàdì ti máa lé kó tó dé ẹnu ọ̀nà, báwo ló ṣe máa wọ ọ́fíìsì? Àwa la máa lọ. Èyí tí mo sì ń sọ ni tàwọn ará àdúgbò, èyí tí ò tọwọ́ ìjọba wá, tí ò sì tọwọ́ àjọ ńlá kankan wá. Ìyá olóúnjẹ kan, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí, tíṣà kan tó gbọ́ Háúsá dáadáa, wọ́n á kóra jọ, wọ́n á máa jáde.

Ẹ wo alájọ tó ń wọ ọjà lójoojúmọ́. Ìyá aláta ò mọ ilé ẹ̀, kò mọ ìyàwó ẹ̀, síbẹ̀ ó ń kówó fún un, torí pé ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́ ló máa yọjú, òjò ì báà máa rọ̀. Tó bá wá pòórá fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, àjọ ti tú nìyẹn. Outreach ò yàtọ̀ sí i. Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀kan lásìkò Kérésì tàbí lásìkò ààwẹ̀, tó pín ìrẹsì, tó sì lọ, ó ṣe sàárà, Ọlọ́run á gbà á, àmọ́ kò tíì ṣe outreach. Outreach ni pé kó o padà lọ bá ẹni kan náà, níbì kan náà, títí tó fi máa dá ọ mọ̀, tó máa sọ orúkọ ẹ̀ gan-an fún ọ, tó máa wá sọ ohun tó gbé e dé títì. Ìgbà yẹn niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ṣebí ìjọba ti kó wọn lọ sí Akínyẹlé, kí ló dé tí wọ́n tún padà?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù nìyí. Lóòótọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kó àwọn alágbe kúrò ní títì Jẹ́míbẹ́wọ̀n, nítòsí Sábó àti Mọ́kọ́lá, lọ sí ibùdó kan ní Akínyẹlé, nígbà tó sì yá a tún ń rí alágbe ní títì. Àwọn èèyàn wá ń sọ pé ìyà ti mọ́ wọn lára ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sábó tó jẹ́ àdúgbò àwọn Háúsá ti wà níbẹ̀ láti 1916, ibẹ̀ ni èdè wọn wà, ibẹ̀ ni mọ́sálásí wọn wà, ibẹ̀ ni ẹni tó ń fún wọn ní sàárà ní Jímọ̀ ti máa ń wá wọn wá. Akínyẹlé wà lọ́nà Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ ta ló máa rí tó máa fún un ní ọgọ́rùn-ún náírà tó fi máa ra ata? Tó bá jẹ́ pé aya ẹ̀ ló ń fọ ìrẹsì fún olóúnjẹ ní Sábó, tí ọmọ ẹ̀ ń kọ́ kéwú níbẹ̀, ẹ ti gbé e kúrò nídìí gbogbo ohun tó ń bọ́ ọ nìyẹn.

Mi ò bá ìjọba jà pé wọ́n kọ́ ibùdó o. Ó dáa kí ilé wà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kíkó wọn sínú bọ́ọ̀sì ò lè yanjú ọ̀rọ̀ tẹ́ ò bá kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè. Kẹ́ ẹ tó gbé èèyàn, ẹ bi í pé kí ló ń jẹ, ta ló ń bá gbé, kí ló máa ń ṣe lọ́sàn-án, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá Akínyẹlé ló yẹ ẹ́ tàbí ibòmíràn. Ẹ sì má gbàgbé pé Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tá a jogún lọ́wọ́ òyìnbó, ṣì ka títọrọ ní gbangba sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè tìtorí ẹ̀ mú èèyàn. Tí alágbe bá rí aṣọ ìjọba, àhámọ́ ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì.

Kí ló dé tí wọ́n máa ń sá fún ẹni tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́?

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, èyí ló máa ń kọ́kọ́ bí wọn nínú. Wọ́n gbé oúnjẹ gbígbóná dání, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n gbé e fún sì sá lọ. Ó ní ìdí. Ní March 2014, wọ́n rí ibì kan nínú igbó ní Sóókà, n'Ìbàdàn wa níbí, tí àwọn ajínigbé ń kó èèyàn pamọ́ sí. Wọ́n bá àwọn tó ti rù kan eegun níbẹ̀, àwọn kan wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n bá eegun òkú, wọ́n bá aṣọ àti bàtà rẹpẹtẹ. Ẹ wá ronú sí i. Ta ni wọ́n lè gbé lọ tí ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ẹ̀? Ẹni tó ń sùn síta náà ni. Àwọn tó ń sùn sábẹ́ bíríìjì mọ ìtàn yẹn jù wá lọ, torí àwọn ni wọ́n máa ń wá ẹnìkejì wọn láàárọ̀ tí wọn ò sì rí i.

Nítorí náà tí bọ́ọ̀sì bá dúró lóru, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí, táwọn àjèjì ní "ẹ máa bọ̀, a fẹ́ ràn yín lọ́wọ́", ọlọ́gbọ́n ló máa sá. Ìdí nìyí tá a fi máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú tán, a kì í pọ̀, obìnrin máa ń wà lára wa, a ó dúró níwọ̀n tí ẹni tá a lọ bá máa rí wa dáadáa, a ó kí i. Ẹ kí i bẹ́ ẹ ṣe máa kí àgbà yòówù. Tó bá dàgbà jù yín lọ, ẹ pè é ní Bàbá tàbí Màmá, ẹ lo "ẹ". Tí kò bá dáhùn, ẹ ní "ó dàárọ̀ o", kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ padà wá lọ́jọ́ míì.

Màmá kan wà nítòsí Gate, ìdí òpó iná kan ló máa ń jókòó sí, ó sì máa ń wé gèlè ẹ̀ dáadáa lójoojúmọ́. Kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ wa. Ohun kan tó máa ń gbà ni pure water, òun fúnra ẹ̀ á fẹyín já a, á sì kọ́kọ́ da díẹ̀ sílẹ̀ kó tó mu ún. Nígbà tó pẹ́, ọ̀kan nínú wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ra àkàrà lọ́wọ́ alákàrà tó wà níwájú wọn, ó gé e sí méjì, ó jẹ apá kan. Màmá wá na ọwọ́. Látìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ alákàrà yẹn la ti máa ń ra oúnjẹ tiẹ̀, lójú ẹ̀.

Ṣé oúnjẹ wá ṣe pàtàkì ni?

Ó ṣe pàtàkì, ebi ò gbọ́ wàásù. Àmọ́ ìkíni ni oúnjẹ jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, òun kọ́ niṣẹ́ gan-an. Ẹ mú ohun tí wọ́n lè rí pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án: búrẹ́dì tó wà nínú ọ̀rá, ẹyin tí wọn ò tíì bó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀kọ tó wà nínú ewé. Ẹni tí ò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má gbé ẹ̀bà ràbàtà fún un, ikùn ẹ̀ ò ní gbà á, ẹ fún un ní ọ̀gì tàbí ẹ̀kọ mímu díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù lọ lórí oúnjẹ ni èrò. Ẹ má pe èrò jọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù December 2024, níbi ayẹyẹ táwọn kan pe àwọn ọmọdé sí nílé ìwé Islamic High School ní Baṣọ̀run, ọmọ 35 ló bá ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ l'Ábújá àti ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ Kérésì. Ṣé ẹ rí i, ẹni tébi ń pa tó gbọ́ pé nǹkan ò ní kárí, ó máa sáré, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ náà á sáré. Kò sí bí ọkàn ẹni tó ń fúnni ṣe lè mọ́ tó tó máa dá èrò dúró. Nítorí náà, ẹ má kéde ẹ̀ lórí rédíò, ẹ má sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gbà, ẹ má kó wọn sínú ọgbà tó ní géètì kan ṣoṣo. Ẹ gbé e lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa pẹ́ lóòótọ́, ẹ jẹ́ kó pẹ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ, kí ló kàn?

Ìlera ló máa ń kàn. Egbò ẹsẹ̀ ló pọ̀ jù, torí àìní bàtà àti omi ojú títì. Nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa máa ń fi omi tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sè fọ̀ ọ́, á sì wé e, ọjọ́ kejì ló gbọ́dọ̀ padà lọ tú u wò, torí bándéèjì tó ti dọ̀tí tí wọ́n fi sílẹ̀ sórí egbò burú ju kí wọ́n má wé e lọ.

Ẹ wá wo ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀ àti oògùn ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lọ́sibítù ìjọba, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń lo oògùn ẹ̀, tí ara bá sì ti yá lẹ́yìn oṣù méjì, ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó jù ú sílẹ̀, ikọ́ yẹn á wá padà pẹ̀lú agbára tí oògùn àkọ́kọ́ ò ní ràn mọ́. Ẹni tó ń gbélé, ìyàwó ẹ̀ á rán an létí. Ta ló máa rán ẹni tó ń sùn ní Mọ̀lété létí? Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ni outreach wà fún, ohun tí mo máa tọ́ka sí nìyí.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ náà bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe gbogbo àìsàn ọpọlọ ni kò ṣeé tọ́jú o, ká yé sọ pé "ó ti wọ ọjà" bí ẹni pé kò ní oògùn mọ́. Abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó máa ṣiṣẹ́ títí oṣù á fi pé, ó wúlò gan-an fún ẹni tí ò lè tọ́jú oògùn sápò. UCH, ọsibítù ńlá tó wà n'Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọpọlọ, Àró tó jẹ́ ọsibítù ọpọlọ sì wà l'Ábẹ́òkúta níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn aláìsàn láàárín ará abúlé láti àwọn ọdún 1950, dípò kí wọ́n máa tì wọ́n mọ́lé. Ní January 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, ó sì rọ́pò òfin àtijọ́ tó ti wà látayé òyìnbó. Nítorí náà, ẹ má so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, ẹ má nà án gbé e sínú mọ́tò. Ẹ wá ẹbí ẹ̀, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ welfare, àwọn tó ń rí sí ìtọ́jú aráàlú ní káńsù, kí wọ́n jọ gbé e lọ.

Ìwé náà tún wà. Láìsí NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, kò sí síìmù, kò sí àkáǹtì báǹkì, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á síṣẹ́ gáàdì máa béèrè ẹ̀. NIN ò gba owó láti ṣe, àmọ́ wọ́n máa béèrè àdírẹ́sì. Ẹni tí ò ní, ó máa ń tijú, á yí padà. Kẹ́nì kan nínú wa tẹ̀ lé e lọ, kó dúró tì í lórí ìlà, ìyẹn nìkan ti yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Tó bá wá jẹ́ ọmọdé ńkọ́?

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ má mú ọmọ tẹ́ ẹ rí ní títì lọ sílé yín, kódà tí òjò bá ń rọ̀ tó ń sunkún. Ẹ̀sùn ìjínigbé ò jìnnà sí i. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2006, àwọn welfare ló sì láṣẹ láti gbà á sọ́wọ́. Ẹ dúró tì í, ẹ pe ẹlòmíì mọ́ra, kẹ́ ẹ jọ lọ sí àgọ́ póòlíìsì tó sún mọ́ yín, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì béèrè òṣìṣẹ́ welfare. Lọ́jọ́ kejì, ẹ padà lọ bi wọ́n pé ibo lọmọ yẹn wà. Ẹ má sì sáré dá ọmọ tó sá nílé padà kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ń sá fún.

Fọ́tò? Ẹ má ya ojú wọn. Ẹni tó ń ṣàìsàn ọpọlọ lónìí lè gbádùn lọ́dún tó ń bọ̀, kó wá máa wáṣẹ́, fídíò yín á sì ṣì wà níbẹ̀.

Ilé wá ńkọ́, ṣebí òun gan-an ni wọn ò ní?

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti máa ń há nìyí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ lóye ẹ̀ dáadáa. Alábàárù tó ń rí owó lójúmọ́, kì í ṣe pé kò lè san owó yàrá. Tẹ́ ẹ bá pín rẹ́ńtì yàrá kan ní face-me-I-face-you sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lè san án. Ohun tí wọn ò lè ṣe ni kí wọ́n kó owó ọdún kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà míì ọdún méjì, kí wọ́n fi owó agreement kún un, kí wọ́n fi ti ejẹ́ǹtì kún un, kí wọ́n tún wá ẹni tó máa dúró fún wọn. Ibo ló máa kó owó náà pamọ́ sí títí tó fi máa pé? Ẹni tó ń sùn sórí pákó, àpò ṣòkòtò ẹ̀ ni báǹkì ẹ̀, wọ́n sì máa ń jí i kó lójú oorun.

Ní Finland, láti 2008 ni wọ́n ti ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní Housing First. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ fún aláìnílé pé kó kọ́kọ́ fi ọtí sílẹ̀, kó wáṣẹ́, kó tó lè rí yàrá. Wọ́n wá yí i padà: gba kọ́kọ́rọ́ ná, ká wá jọ sọ̀rọ̀ àwọn tó kù. Iye àwọn tó ń sùn síta níbẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Ìjọba wọn lówó, mo mọ̀, a ò lè ṣe é bíi tiwọn. Àmọ́ èrò yẹn tọ̀nà, torí ẹni tí kò sùn dáadáa ò lè rántí oògùn, kò lè wẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kò lè tọ́jú NIN tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.

Bá a ṣe ń ṣe é níbí ni pé a máa ń bá ẹni náà dá àjọ, ẹni tá a jọ fọkàn tán ló máa ń gba owó náà lójoojúmọ́, tó bá tó ìdajì, a ó fi tiwa kún un, ọ̀kan nínú wa á sì dúró fún un lọ́dọ̀ lánlọ́ọ̀dù. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń dá wa dúró jù báyìí ni àìrí lánlọ́ọ̀dù tó máa gbà kí wọ́n máa san rẹ́ńtì lóṣooṣù. Tẹ́ ẹ bá ní yàrá kan tó ṣófo ní Bẹẹrẹ, ní Ọjẹ́, ní Ọjọ́ọ̀, ibi yòówù kó jẹ́, tẹ́ ẹ sì lè gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó máa dúró, ẹ bi àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí àdúgbò yín. Wọ́n ti mọ ẹni tó yẹ kó wọ inú yàrá yẹn.